Nígbà tí PSA Kò Bá Àìsàn Mu: Bí A Ṣe Ń Dá Àwọn Irú Jẹjẹrẹ Prostate Tó Ṣọ̀wọ́n Mọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin tí àìsàn yìí ń bá èèyàn yín fínra nílé, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ká mi lára gidigidi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ẹran ara tí wọ́n bá mú lára aláìsàn wò, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí ránṣẹ́ sí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ lónìí ni pé jẹjẹrẹ prostate kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ pọ̀, àwọn kan nínú wọn kì í sì í hùwà bí èyí tí a ti mọ̀. Wọ́n lè yọ́ kọjá lábẹ́ PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo ayé gbọ́kàn lé, kí ọkùnrin máa gbọ́ pé ara òun dá ṣáṣá, nígbà tí àìsàn ti dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èyí tó wọ́pọ̀, nítorí pé òun la fi ń mọ èyí tó yàtọ̀. Prostate jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, tó sì ń pèsè díẹ̀ lára omi tó máa ń bá àtọ̀ jáde. Lọ́dún 2022 nìkan, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti 400,000 ọkùnrin káàkiri àgbáyé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ lára ẹṣẹ́ yìí, àwọn tó sì kú nípa rẹ̀ lọ́dún náà sún mọ́ 400,000. Nínú ọgọ́rùn-ún irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó jẹ́ ti irú kan ṣoṣo, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe omi ẹṣẹ́ náà, tí àwa oníṣẹ́ ìlera ń pè ní acinar adenocarcinoma. Ìyókù, tí kò tó nǹkan lójú ìṣirò, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kò tó nǹkan lójú ìṣirò lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn bá pọ̀ tó báyìí láyé, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọkùnrin lọ lọ́dún kan.

Kí ló dé tí àwọn irú wọ̀nyí fi ń yọ́ kọjá? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí PSA jẹ́ gan-an. PSA jẹ́ púrótéènì kan tí sẹ́ẹ̀lì prostate ń ṣe sínú omi àtọ̀ kí omi náà lè ṣàn lẹ́yìn tó bá ti dì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹṣẹ́ náà bá sì wú, tàbí tó kó àrùn, tàbí tí jẹjẹrẹ bá wà nínú rẹ̀, èyí tó ń jò a máa pọ̀ sí i. Lọ́dún 1986 ni àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi àyẹ̀wò yìí tọpa àìsàn lára ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní in. Nígbà tó di ọdún 1994, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a máa lò ó pẹ̀lú àyẹ̀wò tí dókítà ń fi ìka ṣe láti ojú ihò ìdí, láti fi wá àìsàn náà kiri. Láti ìgbà náà ni iye 4 ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn kò balẹ̀, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí ọkùnrin máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí PSA ń sọ fún wa ni iye sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ prostate. Kò wọn jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ rárá. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan kò bá ti inú àwọn tó ń ṣe PSA wá, bó ṣe pọ̀ tó kò lè sọ iye náà di púpọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé inú wọn ló ti wá, àmọ́ tó ti pa iṣẹ́ tí wọ́n bí i mọ́ tì, ìyẹn náà kò ní PSA tí yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn irú tó ṣọ̀wọ́n máa ń gbà.

Nítorí náà, àìbáramu ni mo máa ń ní kí àwọn dókítà ọ̀dọ́ máa wá. Ká fi ọkùnrin kan tó ti lé ní 60 ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Ìtọ̀ kò lọ dáadáa mọ́, ó ti rù, ẹ̀yìn ń ro ó lóru. Nígbà tí dókítà ki ìka wò ó, prostate rẹ̀ le gbagidi, ó sì ti tóbi. Àwòrán CT fi hàn pé kókó wà lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀. PSA rẹ̀ sì jẹ́ 2. Ẹni tó bá wo 2 nìkan á ní kò sí nǹkan níbẹ̀, á sì máa wá ìdí àìsàn náà kiri ibòmíràn títí tí ọjọ́ á fi lọ. Ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ á mọ̀ pé PSA tó kéré lára ẹni tí àìsàn rẹ̀ tóbi tó báyìí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ rárá. Àmì ni pé ó ṣeé ṣe kí jẹjẹrẹ náà má jẹ́ ti irú tó wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eegun. Irú tó wọ́pọ̀ sábà máa ń mú kí ojú ibi tó bà lára eegun le sí i, kí ó funfun nínú àwòrán. Bí ojú eegun bá wá dà bí ohun tí wọ́n jẹ ní àjẹlu, tí ihò wà níbẹ̀, ó yẹ ká fura. Àìsàn tó bá sì kọ́kọ́ sá lọ sí ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró láìkan eegun náà yẹ ní fífura sí.

Ìfura kò tó láti fi tọ́jú ènìyàn. Àwòrán MRI wúlò púpọ̀ láti fi mọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà, wọ́n sì máa ń fi òṣùwọ̀n kan tó ń jẹ́ PI-RADS, láti 1 dé 5, sọ bí ibi kan ṣe jọ jẹjẹrẹ tó, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán tó lè sọ irú tí jẹjẹrẹ kan jẹ́ kí ó dáni lójú. Inú ẹran ara ni ìdáhùn wà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ fún àyẹ̀wò yìí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹran náà lẹ́yìn tó kúrò lára wọn.

Abẹ́rẹ́ náà máa ń mú fọ́nrán ẹran kan jáde. Kò nípọn tó mìlímítà kan àti ààbọ̀, gígùn rẹ̀ sì máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì. Wọ́n sábà máa ń mú irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ 12 láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú àfikún láti ibi tí MRI bá tọ́ka sí. Wọ́n á rì í sínú formalin kí ó má baà bàjẹ́, wọ́n á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á sì sin ín sínú ìda. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ kan yóò máa gé ìda náà pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, tí ìnípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìdá mìlímítà kan. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á sì rẹ ẹ́ láró méjì: ọ̀kan máa ń sọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró, èkejì a sọ ìyókù di aláwọ̀ osùn títàn. Ìgbà yìí ló tó dé abẹ́ máíkírósíkóòpù mi.

Nínú prostate tí ara rẹ̀ dá, ẹṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpele sẹ́ẹ̀lì méjì. Ti inú ń ṣe omi. Ti ìta, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìdí wọn, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, a sì lè fi aró pàtàkì kan tó ń wá púrótéènì p63 mú kí wọ́n yọ ní àwọ̀ ilẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà yí ẹṣẹ́ náà ká. Nínú jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀, ìlà yẹn kì í sí mọ́. Bí a kò bá rí ìlà náà, tí a sì rí i pé púrótéènì AMACR, tó máa ń pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, hàn dáadáa, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Ọgbọ́n yìí dára, ojoojúmọ́ la ń lò ó. Síbẹ̀ òun gan-an ló lè ṣi ẹni tí kò rántí àwọn irú tó ṣọ̀wọ́n lọ́nà, torí pé àwọn jẹjẹrẹ kan wà tí sẹ́ẹ̀lì tiwọn fúnra wọn máa ń mú aró p63: èyí tó wá láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ gan-an, èyí tó jọ ti awọ ara, àti èyí tó wá láti ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ẹni tó ti há a sórí pé p63 dúró fún àlàáfíà yóò kọ ọ́ pé kò sí àìsàn níbi tí àìsàn wà.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù nínú gbogbo wọn ni jẹjẹrẹ onísẹ́ẹ̀lì kéékèèké, ọ̀kan nínú ìdílé tí a ń pè ní neuroendocrine. Lára ẹni tí kò tíì gba ìtọ́jú kankan rí, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dúdú, ohun tó yí àárín gbùngbùn wọn ká kò ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sì há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan fi ń tẹ èkejì yẹ̀. Wọn kì í to ara wọn bí ẹṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń pín sí méjì pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, ibi tó ti kú náà pọ̀, abẹ́rẹ́ tó mú wọn jáde sì lè ti tẹ̀ wọ́n rẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. A kì í fún un ní iye Gleason rárá. Iye yìí, tí Donald Gleason gbé kalẹ̀ ní ọdún 1966, dá lórí bí àwọn ẹṣẹ́ ṣe to ara wọn. Ohun tí kò ní ẹṣẹ́ nínú kò ṣeé fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n. Bí ìròyìn kan bá pe àìsàn yìí ní Gleason 10, iye tó ga jù lọ, tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn yóò fún un ní oògùn tó ń dín họ́mọ̀nù kù, oògùn yẹn kò sì ní rí ohun púpọ̀ ṣe.

Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, a máa ń lo aró tó ń wá synaptophysin, chromogranin, CD56 àti INSM1, àwọn àmì pé sẹ́ẹ̀lì ti ń hùwà bí ti iṣan ọpọlọ àti ti ẹṣẹ́ họ́mọ̀nù. Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni ibi tí jẹjẹrẹ onísẹ́ẹ̀lì kéékèèké ti wọ́pọ̀ jù lọ, ìrísí ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti prostate kò sì yàtọ̀ síra. Àwọn kan gbà pé aró TTF-1 lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ti ẹ̀dọ̀fóró máa ń mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára ti prostate náà ń mú un. Ohun tó lè rànwá lọ́wọ́ jù ni ìdàpọ̀ jíìnì TMPRSS2 àti ERG, tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan kéde ní ọdún 2005, tí ó sì wà nínú nǹkan bí ìdajì àwọn jẹjẹrẹ prostate. Bí a bá rí ìdàpọ̀ yìí nínú sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, ẹ̀rí ńlá ni pé inú prostate ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú jíìnì fúnra rẹ̀ la ti gbọ́dọ̀ wá a, torí pé púrótéènì ERG lè ti pòórá nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti kọ ọ̀nà họ́mọ̀nù sílẹ̀. Bí a kò bá sì rí ìdàpọ̀ náà, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe ti prostate. Ìdí tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn ni pé ìtọ́jú ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: oògùn cisplatin tàbí carboplatin pẹ̀lú etoposide ni wọ́n sábà máa ń fà sí i lára, wọn kì í sì í fi falẹ̀, nítorí pé àìsàn náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó tún máa ń fi àmì mìíràn hàn tí ọkàn kì í lọ sí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lè máa ṣe họ́mọ̀nù tí kò yẹ kí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè lọ sílẹ̀ títí ọpọlọ rẹ̀ yóò fi dàrú, tàbí kí ojú rẹ̀ wú rùmùrùmù, kí ìfúnpá rẹ̀ ga, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sókè nítorí cortisol tó pọ̀ jù. Dókítà tó bá ń tọ́jú ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan láìbi prostate rẹ̀ léèrè lè máa yí po fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀nà kejì tí jẹjẹrẹ neuroendocrine yìí ń gbà yọ ló ń pọ̀ sí i báyìí, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Láti ọdún 1941 tí Charles Huggins àti Clarence Hodges ti fi hàn pé jẹjẹrẹ prostate máa ń rọlẹ̀ bí a bá mú họ́mọ̀nù ọkùnrin kúrò lára, ọ̀nà yẹn la ti ń gbà tọ́jú èyí tó ti tàn káàkiri ara. Àwọn oògùn tó lágbára sí i ti dé: wọ́n fọwọ́ sí abiraterone ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011, wọ́n sì fọwọ́ sí enzalutamide ní 2012. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti tipa wọn pẹ́ láyé sí i, èmi kò sì ní sọ ohunkóhun tí yóò mú kí ẹnikẹ́ni sá fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dí ọ̀nà họ́mọ̀nù pa pátápátá fún ìgbà pípẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń yí padà kí wọ́n lè yè. Wọ́n á pàdánù jíìnì RB1 àti TP53 tó ń kó wọn níjàánu, wọ́n á jáwọ́ nínú PSA ṣíṣe, wọ́n á sì di oníwà neuroendocrine. Ìwé ìpín àwọn jẹjẹrẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022 ka èyí tó ń tẹ̀lé ìtọ́jú yìí sí irú kan lọ́tọ̀.

Lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, PSA á ti lọ sílẹ̀, inú ẹbí á dùn, dókítà náà á ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, àárẹ̀ á dé, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, LDH àti CEA, àwọn àmì àìsàn mìíràn inú ẹ̀jẹ̀, á lọ sókè, PSA ò sì ní kúrò lójú kan. Àwòrán PET tó ń wá PSMA, púrótéènì kan tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ prostate, tí a fi ń rí irú tó wọ́pọ̀, lè má tan ìmọ́lẹ̀ kankan sí àwọn kókó tuntun wọ̀nyí, torí pé wọ́n ti pàdánù PSMA náà; èyí tó ń wá ṣúgà, FDG, ló máa ń fi wọ́n hàn. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nígbà náà ni kí wọ́n tún mú ẹran mìíràn, kí wọ́n sì mú un láti ibi tuntun tó ń dàgbà, bí i ti ara ẹ̀dọ̀, dípò kí wọ́n máa tẹ̀lé ìwé àyẹ̀wò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún aláìsàn tó ti rẹ̀ láti tún gba abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, bí a bá ń tọ́jú àìsàn tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tí èyí tó wà lára rẹ̀ lónìí ti yàtọ̀, ìyà lásán la fi ń jẹ ẹ́.

Irú tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ọ̀nà omi ńláńlá inú prostate ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1967, Melicow àti Pachter ṣe àpèjúwe kókó kan tó yọ nítòsí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin, tí ìrísí rẹ̀ jọ ti inú ilé ọmọ obìnrin. Wọ́n gbà pé láti inú àjẹkù ẹ̀yà tí ì bá di ilé ọmọ ká ní obìnrin ni ọmọ inú oyún náà ló ti wá. Nígbà tí aró tó ń wá PSA wá wà, a rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe PSA, pé ọmọ prostate pátápátá ni wọ́n, àti pé dídín họ́mọ̀nù ọkùnrin kù tọ́ sí wọn bó ṣe tọ́ sí àwọn yòókù. Àṣìṣe yẹn fi hàn bí ìrísí nìkan ṣe lè tan ọlọ́gbọ́n jẹ.

Níwọ̀n bí irú yìí ti sábà máa ń wà nítòsí ọ̀nà ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tàbí ìtọ̀ tó há ló lè kọ́kọ́ mú ọkùnrin wá sílé ìwòsàn. Ìka lè má bá ohun líle kankan, abẹ́rẹ́ tó ń gba ẹ̀yìn wọlé sì lè má dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ki awò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀, wọ́n lè rí i bí ó ṣe yọ gánńgán bí ẹ̀ka wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì gé díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ la ń ka sí Gleason 8, torí pé ó máa ń tètè tàn. Ó sì máa ń dàpọ̀ mọ́ irú tó wọ́pọ̀ ju kí ó dá wà lọ. Nítorí náà ìròyìn gbọ́dọ̀ sọ bí ìdá rẹ̀ ṣe tó.

Ìbéèrè mìíràn tó máa ń gbà wá ní àkókò ni pé, ṣé ti prostate ni jẹjẹrẹ tí a rí nínú prostate yìí, àbí àlejò ni? Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lè gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọ inú prostate, kí ó sì jọ Gleason tó ga. Aró ló ń yanjú rẹ̀: ti àpò ìtọ̀ a máa mú GATA3 àti p63, ti prostate a máa mú PSA àti NKX3.1. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé oògùn tó ń dín họ́mọ̀nù kù kò ní ṣe ohunkóhun fún jẹjẹrẹ tó wá láti àpò ìtọ̀. Bákan náà ni èyí tí ikun yí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ká. A kì í pè é ní oníkun àfi bí ikun náà bá tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kókó náà, nígbà tí wọ́n bá sì ti yọ gbogbo prostate jáde la tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò wá láti ìfun ńlá. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dà bí òrùka olókùúta náà ń bẹ. Níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ inú àpòlúkù aláìsàn wò, torí pé ibẹ̀ ni irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń wá.

Èyí tó jọ ti awọ ara kì í gbé PSA sókè, ó máa ń jẹ eegun lu, ó sì lè yọ lẹ́yìn ìtọ́jú họ́mọ̀nù tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú prostate; wọ́n tún ti rí i lára àwọn tí àtọ̀sí ajá ti wà lára wọn pẹ́. Èyí tó wá láti ara sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju ìyẹn lọ, mo sì ti sọ bí p63 ṣe lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ti ẹran tó so prostate ró, tí kì í ṣe ti ẹṣẹ́ inú rẹ̀ rárá, kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó ń mú. Irú kan nínú rẹ̀, rhabdomyosarcoma, ọmọdékùnrin ló máa ń mú. Ìtọ̀ ọmọ náà á há, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ á wú, kò sì sí ẹni tó máa ń rò pé prostate lè wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Lára àgbàlagbà, leiomyosarcoma ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. PSA kì í ga, prostate á sì máa tóbi kíákíá. Ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ń wú ní wéréwéré, tí PSA rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan, kò yẹ kí ó máa gba oògùn prostate wíwú lásán láìsí MRI.

Mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan láti gbé ka iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń mú ẹran ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù tó máa ń bá fọ́nrán ẹran wá lè má ní ju orúkọ, ọjọ́ orí àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gba oògùn họ́mọ̀nù máa ń súnkì, ó sì lè fara jọ ohun mìíràn pátápátá. Èyí tí ìtànṣán ti bà máa ń dojú rú. Bí ẹ kò bá sọ fún wa pé ọkùnrin yìí ti gba enzalutamide fún ọdún kan, tàbí pé ó ti ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ rí, tàbí pé PSA rẹ̀ jẹ́ 1 tí kókó sì wà lẹ́dọ̀ rẹ̀, a lè má lo aró tó yẹ ká lò. A kì í lo gbogbo aró fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ẹ bá kọ ló ń tọ́ wa sọ́nà.

Ẹ̀yin aláìsàn àti ẹ̀yin ẹbí, ẹ gba ẹ̀dà ìròyìn àyẹ̀wò ẹran yín, ẹ má jẹ́ kí ó pin sí àárín àwa oníṣẹ́ ìlera. Ẹ bèèrè irú tí jẹjẹrẹ náà jẹ́ gan-an, kí ẹ sì bèèrè bóyá irú mìíràn dàpọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ níbẹ̀ pé ó wà nínú ọ̀nà omi ẹṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní intraductal, ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ jíìnì BRCA2 wò, pàápàá bí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹyin obìnrin bá ti wà nínú ìdílé yín, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kan àwọn ọmọ yín lọ́kùnrin lóbìnrin.

Bí orúkọ tó ṣọ̀wọ́n bá wà nínú ìwé náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé kí onímọ̀ mìíràn tó ń rí irú rẹ̀ déédéé tún un wò, dókítà tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní bínú. Ẹ kò nílò abẹ́rẹ́ tuntun fún ìyẹn. Ìda tí wọ́n sin ẹran yín sí ṣì wà nípamọ́ ní yàrá àyẹ̀wò, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n lè fi í ránṣẹ́ sí ibòmíràn, kí wọ́n gé e pẹ́lẹ́bẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n rẹ ẹ́ ní aró tí ẹni àkọ́kọ́ kò lò, tàbí kí wọ́n yẹ jíìnì inú rẹ̀ wò. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ìda náà sílẹ̀, inú ìròyìn yẹn gan-an ló wà, lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín.